Aláìyó: Orúkọ Yorùbá Kan Nínú Eré Lorraine Hansberry

Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a tọ́ nílé tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí. Òtítọ́ sì ni. Ẹni tí ebi ń pa kò ráyè gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí tí èmi àti obìnrin Amẹ́ríkà kan ti ń jiyàn lórí òwe yìí, bẹ́ẹ̀ obìnrin náà ti kú kí wọ́n tó bí ìyá mi.

Lorraine Hansberry ni orúkọ rẹ̀. Akọ̀ròyìn ni, òǹkọ̀wé eré oníṣe sì ni. Nígbà tó wà ní ẹni ọdún 28, eré rẹ̀ kan bọ́ sí orí ìtàgé ní New York, ó sì mú kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Nínú eré náà, ọmọ Yorùbá kan láti Nàìjíríà wà níbẹ̀, ó sì fún ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Chicago ní orúkọ kan ní èdè wa. Orúkọ náà ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé tí Lorraine ti jáde wá.

Ilé tí wọ́n rà ní 1937

Ọjọ́ 19, oṣù Karùn-ún, ọdún 1930 ni wọ́n bí Lorraine ní ìlú Chicago. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́rin. Bàbá rẹ̀, Carl Hansberry, ń ṣòwò ilé. Ìyá rẹ̀, Nannie, ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí, ó sì tún ń bá ẹgbẹ́ òṣèlú ṣiṣẹ́ ládùúgbò. Wọ́n rí jẹ, wọ́n rí mu. Àwọn èèyàn ńlá bíi W. E. B. Du Bois àti Paul Robeson máa ń yà kí wọn nílé. Bí ó bá jẹ́ ti ebi nìkan ni, ìṣẹ́ ti bùṣe nílé Hansberry kí wọ́n tó bí Lorraine.

Ẹ̀gbọ́n bàbá ń bẹ tí à ń pè ní William Leo Hansberry. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní Yunifásítì Howard ní Washington, ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà ló sì ń kọ́ àwọn èèyàn nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà kò gbà pé Áfíríkà ní ìtàn kankan. Nnamdi Azikiwe, tó di Ààrẹ àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà, wà lára àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 1963, Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka fi orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n yìí sọ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Áfíríkà wọn. Nítorí náà, Nàìjíríà kì í ṣe orúkọ àjèjì nínú ìdílé tí ọmọ yìí ti dàgbà.

Ṣùgbọ́n ní Chicago ayé ìgbà náà, owó kọ́ ló ń sọ ibi tí èèyàn dúdú yóò gbé. Àwọn onílé aláwọ̀ funfun a máa fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láàárín ara wọn pé àwọn kò ní í ta ilé fún èèyàn dúdú, àwọn kò sì ní í jẹ́ kó háyà rẹ̀. Ilé ẹjọ́ a sì máa gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní 1937, Carl Hansberry ra ilé kan ní òpópónà South Rhodes, ní àdúgbò tí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ wà. Àwọn èèyàn kóra jọ síwájú ilé náà pẹ̀lú ìbínú. Ẹnì kan ju bíríkì gba ojú fèrèsé wọlé. Díẹ̀ ló kù kó ba Lorraine, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìyá rẹ̀ a mú ìbọn, a máa rìn káàkiri inú ilé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà pa àwọn ọmọ rẹ̀ lára. Bàbá ní tirẹ̀ ń sáré ẹjọ́ kiri.

Ẹjọ́ náà yẹ ní mímọ̀. Àwọn aládùúgbò ní kí ìdílé Hansberry kó jáde nítorí pé àdéhùn wà. Àdéhùn ọ̀hún fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò ní í fẹsẹ̀ múlẹ̀ àfi bí àwọn tó ni ìdá 95 nínú 100 ilẹ̀ ojú títì bá fọwọ́ sí i. Ìdá bíi 54 péré ló fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ kan tó ti wáyé ṣáájú, olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ ti jọ gbà níwájú adájọ́ pé ó pé, kò sì sí ẹni tó jókòó kà á. Ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ Illinois ní ọ̀rọ̀ ti bọ́ síbẹ̀, kí irọ́ yẹn máa de ìdílé Hansberry. Carl Hansberry kò gbà. Ó gbé e dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ní 1940 sì ni wọ́n dá a láre: a kì í fi ẹjọ́ tí èèyàn kò sí níbẹ̀ de èèyàn lọ́wọ́.

Ó borí, ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà kò pa àdéhùn ìyàsọ́tọ̀ rẹ́. Ó di ọdún 1948 kí ilé ẹjọ́ kan náà tó sọ pé adájọ́ kankan kò gbọdọ̀ fipá mú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Carl Hansberry kò rí ọjọ́ náà. Ní 1946 ló kú ní ilẹ̀ Mexico, níbi tó ti ń palẹ̀ mọ́ láti kó ìdílé rẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ti sú u. Ó ní owó, ó ní ilé, ó ní ìdájọ́ lọ́wọ́, síbẹ̀ kò yó.

Kálámù ní Harlem

Ní 1948, Lorraine lọ sí Yunifásítì Wisconsin. Níbẹ̀ ló ti wo eré Sean O'Casey, ọmọ ilẹ̀ Ireland, lórí ìdílé tálákà kan ní ìlú Dublin. Kò sí èèyàn dúdú kan nínú eré náà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ẹkún ìyá kan níbẹ̀ tó dún létí rẹ̀ bí ẹkún ilé. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó fi yunifásítì sílẹ̀, ó kọrí sí New York.

Ní 1951 ó rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Freedom ní Harlem. Paul Robeson, gbajúgbajà olórin àti òṣèré nì, ló dá a sílẹ̀. Louis Burnham sì ni olóòtú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kékeré ni. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò lè sọ pé iṣẹ́ kan ni tòun. Lorraine tẹ̀wé, ó dáhùn ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, ó bójú tó orúkọ àwọn tó ń san owó ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó sì kọ ìròyìn. Nígbà tó fi di 1952, ó ti di igbákejì olóòtú.

Ẹ wo ohun tó ń kọ. Ó kọ̀wé lórí Kenya, lórí Egypt, lórí Gold Coast tó di Ghana lónìí. Ó tẹ̀lé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n lọ bèèrè ẹ̀tọ́ wọn ní Washington ní 1951, ó sì ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, ó kọ̀wé lórí tẹlifíṣàn, pé bí wọ́n ṣe ń fi èèyàn dúdú hàn níbẹ̀ kò yí padà: ẹrú, ìránṣẹ́, tàbí ẹni tí à ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ rántí èyí, nítorí pé ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ fi eré fèsì.

Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Lorraine ní tirẹ̀ ń sọ, ìjọba sì gbọ́. Ní 1952, wọ́n pe Robeson sí ìpàdé àlàáfíà kan ní Montevideo, olú ìlú Uruguay, ṣùgbọ́n ìjọba Amẹ́ríkà ti gba ìwé ìrìnnà rẹ̀. Lorraine ló lọ dípò rẹ̀, ní ẹni ọdún 21. Nígbà tó padà dé, wọ́n gba tirẹ̀ náà. Láti ọdún yẹn ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI ti ṣí fáìlì fún un. Fáìlì náà lé ní 1,000 ojú ìwé kí wọ́n tó pa á dé. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 22, tó ń jẹun yó, tó lè lọ fẹ́ ọkọ olówó kó jókòó jẹ́ẹ́ ní Chicago, ló yan irú ayé bẹ́ẹ̀.

Ní 1953 ó fẹ́ Robert Nemiroff, ọmọ Júù tó jẹ́ òǹkọ̀wé àti akọrin. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó wọn, àwọn méjèèjì wà láàárín àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn lórí bí ìjọba ṣe ń pa tọkọtaya Rosenberg. Ìwé ìròyìn Freedom kógbá sílé ní 1955. Lorraine ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ kó lè rí owó, títí di 1956 tí orin kan tí ọkọ rẹ̀ bá èèyàn jọ kọ fi lókìkí, tó sì mówó wọlé. Owó orin yìí ló jẹ́ kí ó lè fi gbogbo iṣẹ́ yòókù sílẹ̀, kó jókòó, kó kọ eré.

Owó bàbá tó kú

A Raisin in the Sun ni orúkọ eré náà. Inú ewì Langston Hughes kan ló ti mú orúkọ rẹ̀. Ìdílé Younger ló dá lé lórí, ní apá gúúsù Chicago. Bàbá ilé ti kú, ilé iṣẹ́ adójútòfò sì fẹ́ san 10,000 dọ́là fún opó rẹ̀, Lena, tí gbogbo ilé ń pè ní Mama. Walter Lee, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ń wa ọkọ̀ fún olówó kan; ó fẹ́ fi owó náà ṣí ilé ìtajà ọtí. Beneatha, ọmọ obìnrin, ń kàwé, ó fẹ́ di dókítà. Ruth, ìyàwó Walter, àárẹ̀ ti mú un. Ó fẹ́ ilé tí oòrùn ń wọ̀. Mama náà fẹ́ ilé.

Ó hàn gbangba pé akọ̀ròyìn ló kọ eré náà. Kò sọ fún wa lásán pé ìdílé yìí kò ní ààyè. Ó fi hàn wá pé orí àga gígùn ní pálọ̀ ni ọmọ kékeré ilé ń sùn, pé ilé ìwẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta tí wọ́n ń bá aládùúgbò pín in, pé ní Satidé wọ́n a máa fín oògùn aáyán. Ó sì ka owó náà lójú wa. Mama san 3,500 dọ́là sílẹ̀ fún ilé kan ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ funfun. Ó kó 6,500 tó kù fún Walter, ó ní kó fi 3,000 pamọ́ fún ẹ̀kọ́ Beneatha. Walter kó gbogbo rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n fẹ́ jọ dòwò pọ̀. Ọ̀rẹ́ náà sá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí eré yìí fi wọ̀ mí lára. Ọdún tí mo kọ́kọ́ kà á ni owó ìfẹ̀yìntì bàbá mi jáde. Ọdún 33 ni bàbá mi fi ṣiṣẹ́ ìjọba. Owó náà jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́tàdínlógún tí a sin ín. A jókòó ní pálọ̀ ní Òṣogbo, àwa mẹ́rin. Màámi fẹ́ kan páànù sórí ilé tí bàbá mi kò parí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ fi owó náà jáde lọ sí òkè òkun, ó sì ti ní gbogbo ìṣirò rẹ̀ nínú fóònù. Àbúrò mi ti rí ààyè ní iléèwé nọ́ọ̀sì. Èmi kò sọ ohun tí mo fẹ́. Gbogbo wa ló ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń wo ojú ẹnìkejì.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí kò síná, mo sọ ìtàn ìdílé Younger fún Màámi ní Yorùbá. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ bí mo ti ń sọ ọ́. Mo sọ bí ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan, Lindner, ṣe wá láti àdúgbò tuntun náà láti fi owó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má kó wá. Mo sọ bí Walter, lẹ́yìn tí owó ti run, ṣe ránṣẹ́ pe Lindner padà kó lè gba owó ìtìjú náà, àti bí kò ṣe lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dúró tì í. Ó ní àwọn yóò kó wá.

Màámi ní, "Àjọkẹ́, ilé yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n padà gbé ibẹ̀?"

Mo ní, "Màámi, bí wọ́n ṣe ń kó ẹrù jáde ni eré náà parí."

"Àwọn tó ń dúró dè wọ́n níbẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sọ ọ́, mà."

Ó fẹ́ èèpo kúrò nínú àwo. Ó ní, "Ó mọ̀ ọ́n. Kò kàn fẹ́ sọ ọ́ ni."

N kò tíì sọ ti bíríkì fún un nígbà náà, n kò tíì sọ ti ìyá tó ń fi ìbọn ṣọ́lé lóru. Ṣùgbọ́n òun náà jẹ́ opó tí owó ọkọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbọ́ ohun tí òǹkọ̀wé náà gbé mì. Lorraine Hansberry mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ìdílé Younger gbà jáde. Ó ti gbé inú ilé náà rí.

Aláìyó

Orúkọ tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ wá kàn wàyí. Joseph Asagai, akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà, ń wá Beneatha wá sílé. Ó mú aṣọ ìbílẹ̀ wa àti àwo orin wá fún un, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ró o. Bí Yorùbá bá ń ka ibẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀. Asagai kì í ṣe orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ. Ó jọ orúkọ ọ̀kọ̀ tí wọ́n ń lò ní gúúsù Áfíríkà ju bó ṣe jọ orúkọ èèyàn lọ́dọ̀ wa lọ. Àwọn igbe kan tí Beneatha ń ké nígbà tó ń jó sí orin náà kò dún bí Yorùbá létí mi rárá.

Ṣùgbọ́n ó pe Beneatha ní Alaiyo. Nínú ìwé, kò sí àmì ohùn lórí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo fi hàn ní Aláyọ̀ ni, ẹni tó ní ayọ̀. Mo fẹ́ẹ̀ gbà fún un, nítorí pé orúkọ tó dára ni. Àmọ́ Asagai fúnra rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ nínú eré náà: ẹni tí oúnjẹ nìkan kò tó fún. Aláìyó ni.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè yìí dáadáa, ẹ gbé orúkọ náà sórí ahọ́n yín. Aláìgbọ́n, aláìmoore, aláìlójútì, aláìnítẹ̀ẹ́lọ́rùn: púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí à ń fi "aláì" bẹ̀rẹ̀, èébú ni. Bí a bá pe ọmọ kan ní aláìyó ní àdúgbò wa, wọ̀bìà la pè é. Asagai ní tirẹ̀ fi pe obìnrin tó fẹ́ràn, ó sì fi ṣe orúkọ ìkẹ́. Ó mú ohun tí à ń fi bú èèyàn, ó sọ ọ́ di oríkì.

Ibẹ̀ ni Lorraine Hansberry ti dá òwe àwọn baba wa lóhùn. Ebi kúrò nínú ìṣẹ́ bàbá rẹ̀, ìṣẹ́ kò bùṣe. Ebi kọ́ ló ń pa Beneatha tó fẹ́ di dókítà. Ebi kọ́ ló ń pa Walter náà. Ó ń jẹun lójoojúmọ́ nínú ilé ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún ẹlòmíràn ní ẹni ọdún 35.

Lorraine kò sì fi ìyìn lásán bo orúkọ náà. Nígbà tí owó run tí ọkàn Beneatha bà jẹ́, Asagai kò fi ẹnu dídùn tù ú nínú. Ó bi í bóyá òun ló ṣiṣẹ́ owó náà. Ó jẹ́ kó yé e pé ilé tó bá jẹ́ pé ikú ẹnìkan ni gbogbo ìrètí inú rẹ̀ fẹ̀yìn tì, ilé náà ti ní àìsàn kí olè tó wọ̀ ọ́. Mo ti ka ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. N kò kà á fún ẹ̀gbọ́n mi. Màámi ra páànù, ó san owó ọdún àkọ́kọ́ fún àbúrò mi ní iléèwé nọ́ọ̀sì, ó sì kó ìwọ̀nba tó kù fún ẹ̀gbọ́n mi. Kò tó ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó ṣì wà ní Òṣogbo. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé ẹ kú iṣẹ́ nìkan ni yóò sọ fún Màámi títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Lẹ́yìn ìpàtẹ́wọ́

Ó gba Philip Rose, agbátẹrù eré náà, ju ọdún kan lọ kó tó rí owó kó jọ, nítorí pé àwọn olówó tíátà kò gbà pé èèyàn yóò sanwó wo ìdílé èèyàn dúdú tó ń sọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí New Haven, Philadelphia àti Chicago. Ní Philadelphia, aṣojú FBI kan jókòó láàárín àwọn òǹwòran, ó sì kọ ìròyìn ohun tó rí ránṣẹ́. Ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 1959 ni eré náà bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngàn Ethel Barrymore ní Broadway.

Ṣáájú ọjọ́ yẹn, kò sí obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tí eré tó kọ ti dé Broadway rí. Èèyàn dúdú ni Lloyd Richards tó darí rẹ̀. Sidney Poitier ṣe Walter Lee, Claudia McNeil ṣe Mama, Ruby Dee ṣe Ruth, Diana Sands ṣe Beneatha, Ivan Dixon sì ṣe Asagai. Ìgbà 530 ni wọ́n ṣe é. Ẹgbẹ́ àwọn alárìíwísí eré ní New York fún un ní ẹ̀bùn eré tó dára jù lọ lọ́dún náà. Nínú àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, kò tíì sí ẹni tó kéré tó o lọ́jọ́ orí tó gba ẹ̀bùn náà rí, òun sì ni èèyàn dúdú àkọ́kọ́.

Àwọn kan fẹ́ yìn ín, wọ́n ní eré náà kì í ṣe ti èèyàn dúdú, pé ti gbogbo èèyàn ni. Lorraine kò gba ìyìn yẹn. Ó ní ìdílé èèyàn dúdú ni, ní apá gúúsù Chicago gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ gbogbo ayé, kó kọ́kọ́ sọ òtítọ́ nípa ojúlé kan.

Obìnrin yìí ì bá jókòó níbẹ̀, kó máa jẹ èrè rẹ̀. Ó kọ ọ́ di sinimá, ó jáde ní 1961. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1963, Robert Kennedy, tó jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́, pe James Baldwin àti àwọn mìíràn jọ ní New York láti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà. Jerome Smith, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ti lù bí ẹní lu bàrà níbi ìjà ẹ̀tọ́, sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Lorraine sọ fún Kennedy pé ohùn ọ̀dọ́ yẹn ló yẹ kó gbọ́ ju ti gbogbo àwọn gbajúmọ̀ lọ. Nígbà tó rí i pé kò gbọ́, ó dìde, ó jáde, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e. Ní 1964, ó kọ ọ̀rọ̀ inú ìwé àwòrán kan, The Movement, fún SNCC, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́.

Àìsàn jẹjẹrẹ ti wà lára rẹ̀ nígbà náà. Eré rẹ̀ kejì ní Broadway, The Sign in Sidney Brustein's Window, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 1964. Kò pa owó. Àwọn ọ̀rẹ́ àti òṣèré ń dá owó jọ kí wọ́n má baà ti gbọ̀ngàn náà pa. Ìgbà 101 ni wọ́n ṣe é. Ọjọ́ 12, oṣù Kìíní, ọdún 1965 ni Lorraine kú, ní ẹni ọdún 34. Ọjọ́ náà ni eré náà sì dópin. Paul Robeson, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú rẹ̀ ní Harlem. Nemiroff, tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀ ní 1964, ló tọ́jú àwọn ìwé rẹ̀. Òun ló parí Les Blancs, eré kan lórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan tó ń jà fún òmìnira, tó bọ́ sórí ìtàgé ní 1970. Nina Simone, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kọ To Be Young, Gifted and Black ní ìrántí rẹ̀.

Ibi tí mo bá iyàn náà dé rèé. N kò ní í sọ pé òwe àwọn baba wa kò tọ̀nà. Ẹni tó ń pa ebi mọ́nú kò gbọdọ̀ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó yó pé oúnjẹ kò ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ọ̀kánjúwà àti aláìyó. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni ọ̀kánjúwà ń wò. Aláìyó ń wá ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé, tó sì jẹ́ pé bó bá rí i, gbogbo ilé ni yóò kàn. Ilé ẹjọ́ tó dá Carl Hansberry láre kò dá ilé kan ṣoṣo láre. Eré ọmọ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn tí àwọn mìíràn gbà wọlé.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹnì kan bá wà nínú ilé yín tó ń jẹ tó ń mu, tí kò sì tíì ní ìsinmi, ẹ má tètè ṣépè fún un, ẹ má sì tètè pè é ní aláìnítẹ̀ẹ́lọ́rùn. Ẹ fà á jókòó. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ebi rẹ̀ ń pa á.